Ọkùnrin Tó Ń Pe Áńbúláǹsì Lóru: Ohun Tí Ìpè Irọ́ Kọ́ Mi ní Àjàṣẹ́

Oríṣiríṣi ni ìpè irọ́ tó ń wọlé sí nọ́ńbà áńbúláǹsì. Àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀, tí wọ́n á gbé fóònù ìyá wọn nígbà tí ìyá ń wẹ̀, wọ́n á tẹ nọ́ńbà, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pa á. Ọ̀mùtí wà níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó fẹ́ràn ohùn obìnrin tó ń gba ìpè náà wà níbẹ̀, tí wọ́n á máa bi í bóyá ó ti lọ́kọ. Àwọn kan tilẹ̀ ń pè láti mọ̀ bóyá nọ́ńbà náà ṣì ń lọ, kó má di ọjọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ti kú. Gbogbo ìwọ̀nyí ń jẹ àkókò, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé ọkọ̀ kúrò nílé. Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ kúrò nílé ni ẹni tó mọ irọ́ pa: ó dárúkọ oríta, ó sọ àwọ̀ ọkọ̀ tó dojú dé, ó ka iye ẹni tó fara pa. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ wá bá mi.

Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe ní Àjàṣẹ́ níbí, Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Mo ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ní ilé rédíò kan tí a ti ń fi Yorùbá, Ẹ̀gùn àti Faransé sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan náà, mo sì ti gbọ́ àwọn tó ń pe ètò wa débi pé mo máa ń mọ ẹni tó wà lórí ìlà kó tó dárúkọ ara rẹ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni kan nínú ìlú ní áńbúláǹsì kan ṣoṣo àti nọ́ńbà tirẹ̀, yàtọ̀ sí 118 tí gbogbo ìlú fi ń pe àwọn panápaná. Ọkùnrin kan ń pè wọ́n lóru. Ó ní jàǹbá ṣẹlẹ̀ ní Ouando, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Wọ́n débẹ̀, àwọn tó ń sun ẹran nìkan ni wọ́n bá. Ó ní zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, kọlu ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà Pobè; wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Epo ń ṣòfò, ṣùgbọ́n ohun tó ń ba ọ̀gá ibẹ̀ lẹ́rù ni pé aboyún kan lè máa rọbí ní Djassin nígbà tí ọkọ̀ wọn ń wá ohun tí kò sí kiri. Ẹni tó bá rántí ibi tí wọ́n ń kó epo kpayo, epo fàyàwọ́, sí tó gbiná ní Sèmè-Kraké ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, tó pa èèyàn tó lé ní 30, mọ ohun tí áńbúláǹsì kan ṣoṣo jẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń wá a.

Ẹ máa ní ṣebí wọ́n lè wo nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n wò ó. Nígbà mìíràn nọ́ńbà náà ò hàn. Nígbà tó bá hàn, káàdì tí wọ́n fi orúkọ ìyá àgbàlagbà kan gbà ni, ìyá náà ò sì mọ̀ pé òun ní nọ́ńbà méjì. Òfin ní kí gbogbo káàdì ní orúkọ, òun náà sì ní orúkọ! Nígbà tí ọ̀nà yẹn dí, ọ̀gá náà, tó jẹ́ dókítà, ka ìròyìn kan láti Amẹ́ríkà, ó sì ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Bàbá Rédíò, ohùn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ẹ bá wa wò ó."

Òótọ́ ni ohun tó kà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà ti ń jìyà tipẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń jókòó sílé, tí wọ́n á wá fi rédíò ojú omi kígbe pé ọkọ̀ àwọn ń rì. Ọ̀rọ̀ ẹnu tó bá gba orí irú rédíò yìí, VHF, kọjá kì í gbé nọ́ńbà tí èèyàn lè tọ̀ dání. Ohùn nìkan ló máa ń kù. Rita Singh, onímọ̀ nípa ohùn ní Carnegie Mellon University ní ìlú Pittsburgh, ti ń bá wọn yẹ irú ohùn bẹ́ẹ̀ wò: bí ọjọ́ orí ẹni náà ṣe lè tó, bó ṣe lè ga tó, bóyá yàrá kékeré ló wà tàbí ìta gbangba, bóyá ẹni tó pè lánàá ló tún pè lónìí. Òfin wọn le lórí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 6, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 250,000 dọ́là, wọ́n sì lè ní kó san owó gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n fi wá a. Dókítà rò pé bí wọ́n bá lè mọ gíga èèyàn láti inú ohùn rẹ̀, a ò ní pẹ́ mọ orúkọ rẹ̀. Mo ní ká rọra.

Ohun tó kọ́kọ́ dá mi dúró ni bí wọ́n ṣe ń gba ohùn náà sílẹ̀. Tàǹtí tó ń gba ìpè, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, máa ń jẹ́ kí fóònù sọ̀rọ̀ síta, á gbé fóònù kejì tì í kó gba ohùn, á wá fi ránṣẹ́ sí dókítà lórí WhatsApp. Ohùn náà ti gba ọwọ́ mẹ́ta kọjá kó tó dé etí mi, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ti bù ú ṣán. Ìlà fóònù lásán pàápàá kì í gbé odidi ohùn: láti nǹkan bíi 300 Hz (ìyẹn ìgbọ̀n 300 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) dé 3,400 Hz ló ń gbà kọjá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bíi 120 ni ìsàlẹ̀ ohùn ọkùnrin tó dàgbà máa ń wà. Etí àti kọ̀ǹpútà ṣì lè mọ ìsàlẹ̀ yẹn, torí pé àwọn ìlọ́po rẹ̀, 360, 480, 600, ń kọjá, àlàfo àárín wọn ló sì ń sọ ibi tí wọ́n ti wá. Àmọ́ bí WhatsApp bá tún fún un pọ̀, tí ariwo fáànù yàrá sì dà pọ̀ mọ́ ọn, àlàfo yẹn á dàrú. A ra okùn kan ní Ouando, tí kò wọ́n rárá, a so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, a sì ń pa ohùn mọ́ bó ṣe wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, kó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó ra ohunkóhun tó lówó lórí.

Ètò kọ̀ǹpútà tí mo lò ni Praat, tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Yunifásítì Amsterdam. Wọn kì í gba fránkì kan lórí rẹ̀. Ó ń ya àwòrán ohùn, nǹkan méjì sì ni mo máa ń wò nínú àwòrán náà. Èkíní ni bí tán-án-ná inú ọ̀fun ṣe ń gbọ̀n kíákíá tó. Ìyẹn ló ń mú ohùn ròkè tàbí kó wálẹ̀, èèyàn sì lè yí i bó bá ṣe wù ú. Èkejì ni àwọn ibi tí ohùn ti ń rinlẹ̀ jù nínú ọ̀fun àti ẹnu, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní formant. Gígùn ọ̀nà tí ohùn ń gbà ló ń pinnu ìyẹn, láti tán-án-ná dé ètè: nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17 lára ọkùnrin tó dàgbà, ó kúrú sí i lára obìnrin, ó tún kúrú gan-an lára ọmọdé. Fèrè gígùn kì í di fèrè kúkúrú nítorí pé a fẹ́ ẹ kíkankíkan. Ní ìlú tí Egúngún ti ń jáde bíi tiwa, gbogbo wa la mọ ohùn ará ọ̀run, a sì mọ̀ pé bó ti wù kí ohùn náà yí tó, ọmọ ilé máa ń mọ ohun tí kò gbọdọ̀ sọ. Ibẹ̀ ni mo dúró sí lórí ìyẹn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Calavi bá mi gbé ètò kejì wá, SpeechBrain, tó ń sọ ohùn méjì di nọ́ńbà, tó sì ń sọ bí wọ́n ṣe jọra tó. Ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ohùn tí wọ́n fi kọ́ èyí tí a lò ni àkójọ VoxCeleb, tí àwọn ará Oxford kó láti orí YouTube: ohùn àwọn gbajúmọ̀ tó lé ní 7,000, Gẹ̀ẹ́sì ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. A fi ohùn ara wa dán an wò kí a tó gbé ti ẹlòmíràn síwájú rẹ̀. Èmi tí mo sọ Yorùbá àti èmi tí mo sọ Faransé, ó ní a jọra, àmọ́ kò fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Èmi lórí fóònù kékeré àti èmi lórí maikirofóònù ilé rédíò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní a ò bára wa tan. Ọ̀rẹ́ mi kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá kan baba kan, lo fóònù kan náà nínú yàrá kan náà. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n. Ohùn tẹ̀gbọ́n tàbúrò máa ń jọra lórí fóònù, ta ni ò mọ̀? Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi yìí pàápàá ti ṣì wọ́n pè rí. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í kọ̀wé sí ilé ẹjọ́. Àwọn kan sì ti fẹ́ kí ẹ̀rọ máa kọ ọ́.

Láàárín èyí ni ọkùnrin kan dé láti Kútọnu. Ẹ̀rọ tirẹ̀ kò bìkítà nípa ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Irọ́ ló ń wá. Bí ẹni tó pè bá ń sọ òótọ́, ojú ẹ̀rọ á ní àwọ̀ ewé. Bó bá ń purọ́, á pọ́n. Aṣọ ọkùnrin náà dára, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó ní wọ́n ń lo irú rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lóòótọ́, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò ní ọdún 2007 lórí àwọn tó ń pè láti gba owó ìrànwọ́; ohun tí kò sọ ni pé wọ́n pa á tì ní 2010 torí pé èsì rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ní 2007 kan náà, Anders Eriksson àti Francisco Lacerda, onímọ̀ ohùn méjì ní Sweden, kọ̀wé pé àwọn ò rí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kankan nídìí irú ẹ̀rọ yìí. Ilé-iṣẹ́ Ísírẹ́lì tó ń ṣe ọ̀kan nínú wọn fi ẹjọ́ dẹ́rù ba àwọn tó tẹ ìwé náà jáde, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì. Àmọ́ ẹni tí ọjà rẹ̀ bá dára, "ẹ tọ́ ọ wò" ló máa ń sọ, kì í pe lọ́yà.

A ní kó jẹ́ ká tọ́ ọ wò. A fún un ní àwọn ìpè àtijọ́ tí a ti mọ òpin wọn. Ọ̀kan wà níbẹ̀, ti obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ṣubú sí balùwẹ̀ lóru, tí kò lè gbé apá òsì mọ́. Rọpárọsẹ̀ ni, wọ́n sì gbé ọkùnrin náà dé ilé ìwòsàn láàyè. Ẹ gbọ́ bí obìnrin náà ṣe bẹ̀rẹ̀: "Ẹ kú òru o, Tàǹtí. Ẹ má bínú pé mo jí yín. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?" Ìgbà tí Tàǹtí dáhùn tán ló tó ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi ni o." Ojú ẹ̀rọ pọ́n. A gbé ọkùnrin wa tó ń pa irọ́ Ouando sí i: àwọ̀ ewé ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kò kúkú sí ohun tó ń ṣe é.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Yorùbá àti Ẹ̀gùn, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ wa ró. Ohùn wa ò lè dúró gbọnrangandan kí ẹni tó ń gbọ́ sì mọ ohun tí a ń wí. Bí wọ́n bá kọ́ ẹ̀rọ pé ohùn tó ń lọ sókè sódò jẹ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ kò lélẹ̀, ìpayà ni yóò máa gbọ́ lẹ́nu wa látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo bi ọkùnrin náà pé èdè wo ni wọ́n fi kọ́ tirẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ òun kò nílò èdè.

Ti ìkíni yẹn tún burú jù. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ́ àwọn ọlọ́pàá kan bí wọ́n ṣe lè mọ apànìyàn láti inú ìpè 911, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn, tí òun fúnra rẹ̀ pè. Lára àmì tí wọ́n kọ́ wọn ni pé kí wọ́n fura sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ní ọ̀wọ̀ jù. Àwọn oníròyìn ProPublica tú àṣírí ẹ̀kọ́ náà ní 2022, àwọn olùwádìí FBI pàápàá sì ti kìlọ̀ pé kò ṣeé gbára lé. Ẹ gbé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ wá sí Àjàṣẹ́, kí ẹ wá wo iye ẹni tí yóò bọ́ níbẹ̀. Ìyá tèmi á kí panápaná dáadáa, á béèrè àwọn ọmọ, kó tó sọ pé ilé ń jó.

Dókítà ò tíì dá a lójú, torí ọkùnrin Kútọnu náà ní ẹ̀rọ òun kì í ṣì í nígbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Mo fa ìwé jáde, mo ní ká gbà á bó ṣe wí. Ká ní ìpè 1,000 wọlé, 100 jẹ́ irọ́, 900 jẹ́ òótọ́. Ẹ̀rọ á mú òpùrọ́ 90. Nínú àwọn 900 tó ń sọ òótọ́, á ṣi 90 mú. Nínú 180 tí ojú ẹ̀rọ pọ́n sí, ìdajì gééré ló jẹ́ ẹni tí ìyà ń jẹ lóòótọ́. Ta ni yóò jókòó sídìí fóònù láti sọ fún ìdajì yẹn pé ọkọ̀ ò ní wá? Tàǹtí ní òun ò sí níbẹ̀ o.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ jù nínú àwọn ìpè ọkùnrin òru yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà. Ó ní òun dúró lójú ọ̀nà Pobè, pé ọkọ̀ ń kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lu ògiri, ó ń padà kíákíá, bó ṣe máa ń rí nínú yàrá tí ẹrù ò pọ̀ nínú rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ sì ń dún. Iná ìjọba níbí ń gbọ̀n ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú yẹn. Àwọn onímọ̀ máa ń fi ìkùn iná tó bá wọ inú ohùn mọ apá ibi tí wọ́n ti gbà á, nígbà mìíràn àkókò rẹ̀ pàápàá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró bẹ́ẹ̀. Bí fíríìjì bá gbéra, á rẹlẹ̀, á tún gbọ̀n ara rẹ̀ sókè. Ìkùn ìsàlẹ̀ kì í gba inú fóònù kọjá, àmọ́ àwọn ìlọ́po rẹ̀ tó wà lókè ń kọjá, mo sì ń rí wọn tí wọ́n ń mì nínú àwòrán Praat. Ilé ló wà nígbà náà, ilé tí iná ìjọba ti lọ, tó sì lówó epo jẹnẹrétọ̀. Ìpè kan tún wà tó ṣe nígbà tí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ní ìparí rẹ̀, ládàánì méjì ń pe ìrun, ọ̀kan nítòsí, ọ̀kan lókèèrè. Ohùn ti itòsí ti gbó, ó sì máa ń fa gbólóhùn ìkẹyìn gùn.

Mo ní kí Tàǹtí gbọ́ ọ. Kò jẹ́ kó parí tó fi dárúkọ mọ́sálásí náà àti àdúgbò rẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ ló ń gbà wá síbi iṣẹ́. Kò sí ládàánì wa kankan nínú VoxCeleb.

Wọn ò lọ bá ọlọ́pàá. Dókítà lọ kí olórí àdúgbò, ó ṣàlàyé fún un, olórí àdúgbò sì mẹ́nu bà á lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni: pé àwọn kan ń fi ẹ̀mí aboyún ṣeré lórí fóònù láti àdúgbò yìí, pé wọ́n ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ wọn títí dé ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ yẹn, mo gbọ́ pé ó mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa wo ojú ara wọn.

Ìpè òru dín kù, kò tán. Fún èyí tó kù, Tàǹtí ló rí oògùn rẹ̀. Ní ìlú yìí, jàǹbá kì í ṣẹlẹ̀ kí ẹnì kan ṣoṣo dúró tì í. Kí alùpùpù tó ṣubú tán, èrò ti pé, olúkúlùkù wọn ló sì mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n gbé ẹni tó ṣubú. Ni Tàǹtí bá ń sọ fún ẹni tó bá pè láti ìta pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù fún ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí n bi í ọ̀nà." Ẹni tó ń sọ òótọ́ kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Òpùrọ́ á pa fóònù. Ọ̀kan gbìyànjú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó dákẹ́ díẹ̀, obìnrin kan sì bọ́ sórí ìlà, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń sunkún.

Ibẹ̀ ni Praat ti wúlò jù fún mi. Ohùn ọkùnrin náà wà ní nǹkan bíi 130. Ti obìnrin náà fò lọ sí 240. Ṣùgbọ́n àwọn formant ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò níbi tí wọ́n wà. Obìnrin tó yá ọ̀fun ọkùnrin lò! Ìlà kan náà, fóònù kan náà, yàrá kan náà, ìṣẹ́jú kan náà: gbogbo ohun tó máa ń da ìfiwéra ohùn rú ni kò sí níbẹ̀. SpeechBrain náà ní ẹnì kan ni wọ́n, mo sì gbà á gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí, àfi bó bá jẹ́ pé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń bá a sunkún bí obìnrin. Kódà pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ọkọ̀ ti kúrò nílé kí n tó ṣí kọ̀ǹpútà. Mo ti bá dókítà ṣàdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀yìn tí ọkọ̀ bá ti lọ ni iṣẹ́ mi ń bẹ̀rẹ̀, pé ohunkóhun tí mo bá rí nínú àwòrán ò gbọdọ̀ dá ọkọ̀ dúró.

Ti òfin, kí n má fà á gùn. Bẹ̀nẹ̀ ní Code du numérique, ìyẹn òfin lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ayélujára, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018, ó sì ní àjọ APDP tó ń mójú tó àṣírí aráàlú. Dókítà fẹ́ kó ohùn gbogbo òpùrọ́ pamọ́ sójú kan. Lọ́yà tó jẹ́ àna rẹ̀ ní ohùn tí wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀ kò yàtọ̀ sí ìtẹ̀ka, kó kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ. Inú mi dùn sí i. Lónìí, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ nínú ohùn èèyàn ti tó fún àwọn ètò kan láti mú un sọ ohun tí kò sọ rí, ilé ìwòsàn kékeré ò sì yẹ ní ibi tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ ń kún sí. Wọ́n wá fi gbólóhùn kan sí ìbẹ̀rẹ̀ ìpè pé à ń gba ohùn yín sílẹ̀, wọ́n sì ń pa á rẹ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Gbólóhùn yẹn nìkan lé àwọn tó ń bi Tàǹtí bóyá ó ti lọ́kọ.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo lówó, irú ohun tí wọ́n dán wò ní Copenhagen ni mo máa ná an sí. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ń tẹ́tí sí ìpè kó lè mọ̀ bóyá ọkàn ẹni tí wọ́n ń pè nítorí rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2019 ní ó ń tètè mọ̀ ọ́n ju èèyàn lọ. Nígbà tí wọ́n gbé e síwájú àwọn tó ń gba ìpè gan-an, ìwádìí 2021 ní kò fi bẹ́ẹ̀ yí iṣẹ́ wọn padà. Ó ṣì kù díẹ̀ nígbà náà. Àmọ́ ẹni tó yẹ kí ọkọ̀ bá ló ń wá, bó bá sì ṣì í, ọkọ̀ á kàn rin ìrìn òfo ni, a kúkú ti mọ ìyẹn lára.

Ọkùnrin Kútọnu yẹn ṣì ń pe dókítà, Tàǹtí ló sì máa ń gbé e. Ó ti sọ fún un pé ọjọ́ tó bá fi ohùn Yorùbá àti Ẹ̀gùn dán ẹ̀rọ náà wò, kó mú èsì rẹ̀ wá, àwọn á fún un ní àga. Kò tíì mú un wá.